BÍṢỌ́Ọ̀BÙ ÀJÀYÍ CROWTHER ÀTI ÀWỌN ÈNÌYÀN TÍ Ó KÓ JỌ

Bí a bá ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n sọ èdè Yorùbá di èdè tí a ń kọ sílẹ̀, tí a sì ń kọ́ ní yunifásítì lónìí, orúkọ Samuel Àjàyí Crowther ni yóò ṣíwájú. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ẹ̀ka wa tí kò tí ì gbọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n ohun tí a máa ń gbọ́ nípa rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: pé a kó o lẹ́rú, pé ó túmọ̀ Bíbélì, àti pé òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú Ìjọ Áńgílíkà. Òtítọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni ìkẹrin tí àwọn ènìyàn kì í sábà mẹ́nu bà, èyíinì ni bí ó ti ń wá àwọn tí wọ́n ní ẹ̀bùn kiri, bí ó ti ń fi ẹni kan mọ ẹnì kejì, tí ọ̀pọ̀ ọmọ adúláwọ̀ sì ti ipasẹ̀ rẹ̀ rí iṣẹ́ àti ipò. Ibẹ̀ náà ni ìbànújẹ́ ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ ti wá.

Ọmọ Ìgbòho ni èmi tí mo ń kọ èyí. Ní ìlú wa, bí àwọn àgbà bá ń yangàn, àwọn Aláàfin mẹ́rin tí a sin sí Igbó Ọba ni wọ́n máa ń kà. Crowther kò sí lórí ahọ́n wọn. Àwọn Ẹ̀gbá ń pè é ní tiwọn nítorí iṣẹ́ tí ó ṣe ní Abẹ́òkúta. Àwọn ará Èkó ń pè é ní tiwọn nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni ó kú sí. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Òkè-Ògùn ni baba náà í ṣe. Òṣoògùn, ìlú rẹ̀, kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, inú ọ̀dàn kan náà tí Ìgbòho àti Ṣakí wà ni ó sì wà.

Ní nǹkan bí ọdún 1807 ni a bí i. Àjàyí ni wọ́n sọ ọ́ nítorí pé ó dojú bolẹ̀ nígbà tí ó ń bọ̀ wá sí ayé. Ahunṣọ ni baba rẹ̀. Afálá ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ Ilé ti ń yẹ̀, àwọn ọmọ ogun ya wọ Òṣoògùn, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ. Ìsẹ́yìn ni wọ́n kọ́kọ́ kó Àjàyí lọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi dé Èkó, tí àwọn Potogí rà á sínú ọkọ̀ ojú omi tí à ń pè ní Esperança Felix. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀ ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró. Ìtàn yìí ti di ohun tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pàápàá mọ̀, nítorí náà n kò ní dúró pẹ́ lórí rẹ̀.

Freetown ni ó yẹ kí a dúró sí. Ìlú wo nìyẹn? Ìlú tí a ń kó àwọn ẹrú tí a gbà sílẹ̀ lójú òkun sí ni. Láti ibi gbogbo ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà títí dé Kóńgò ni wọ́n ti wá. Nígbà tí àlùfáà ọmọ Jámánì kan tí ń jẹ́ Koelle jókòó tì wọ́n tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀, ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1854 ní èdè tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ nínú. Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Akú níbẹ̀, Ìbò, Tápà, Haúsá, gbogbo wọn ni ó wà ní àwọn abúlé yí ìlú náà ká. Àwọn òyìnbó rí wọn bí ènìyàn tí a ní láti bọ́, tí a ní láti wọ̀ láṣọ, tí a ní láti kọ́ ní ìwé. Crowther rí ohun mìíràn. Ó rí i pé bí ènìyàn bá ń wá ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlú kankan ní etí Odò Ọya, kò ní láti wá a lọ sí ìlú náà. Bóyá ẹni náà ń ta iṣu ní abúlé kejì. Gbogbo iṣẹ́ tí ó ṣe lẹ́yìn náà, orí ìmọ̀ yìí ni ó kọ́ ọ lé.

Ó ṣe ìrìbọmi ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejìlá ọdún 1825, ó sì gba orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Samuel Crowther. Ní 1826 wọ́n mú un lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ìgbà díẹ̀, ó sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Islington. Nígbà tí ó padà dé ní 1827, ilé ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ pátápátá tí wọ́n kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Ó fẹ́ Àsánọ̀, tí a sọ ní Susan, ọmọbìnrin kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ bíi tirẹ̀. Ó sì di olùkọ́. Olùkọ́ ni ó jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Regent, ní Wellington, àti ní Fourah Bay fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ di olùkọ́, ẹ má fi ojú kéré iṣẹ́ yín. Ẹni tí ó bá kọ́ ọmọ ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ó ti mọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó mọ ilé tí ó ti wá, ó mọ èdè tí ìyá rẹ̀ ń sọ, ó sì mọ ẹni tí orí rẹ̀ pé.

Ní 1841 ni ìdánwò àkọ́kọ́ dé. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta gba Odò Ọya lọ. Ẹgbẹ́ C.M.S. yan àlùfáà J. F. Schön, ọmọ Jámánì, àti Crowther láti bá wọn lọ. Kí wọ́n tó kúrò ní Freetown, wọ́n wá ògbufọ̀ láàárín àwọn tí a gbà sílẹ̀. Simon Jonas, ọmọ Ìbò, ni ọ̀kan nínú wọn. Òun ni ó jíṣẹ́ fún Obi Aboh, ó sì gbé ọ̀dọ̀ ọba náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọkọ̀ fi lọ sókè. Ẹ fi ojú inú wò ó: ọkùnrin tí wọ́n ti kó lẹ́rú gba ojú omi yẹn jáde, òun ni ó padà wá jókòó sí iwájú ọba gẹ́gẹ́ bí ońṣẹ́.

Ìrìn àjò náà kò dára fún àwọn òyìnbó. Nínú 145 wọn, nǹkan bí 40 ni ibà pa. Ṣùgbọ́n ohun méjì jáde níbẹ̀. Ó hàn gbangba pé àwọn ọmọ adúláwọ̀ ni wọn yóò lè ṣe iṣẹ́ náà. Èkejì, Schön kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ní kí wọ́n mú Crowther wá kí wọ́n kọ́ ọ fún iṣẹ́ àlùfáà. Ẹnì kan sọ̀rọ̀ rere nípa rẹ̀ níbi tí òun kò sí. Ní 1843 wọ́n fi í joyè díákónì, wọ́n sì fi í joyè àlùfáà nínú ọdún kan náà. Ọdún yẹn ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde.

Ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti bá Henry Venn pàdé, ẹni tí ó ti di akọ̀wé C.M.S. ní 1841. Bí a kò bá mọ Venn, a kò lè mọ Crowther. Venn gbà pé ìjọ tí ó bá wà ní ilẹ̀ adúláwọ̀ ní láti wà lọ́wọ́ àwọn adúláwọ̀, kí ó máa bọ́ ara rẹ̀, kí ó máa ṣe àkóso ara rẹ̀, kí ó sì máa tan ara rẹ̀ kálẹ̀. Ó ń wá ẹni tí yóò fi hàn pé èyí ṣe é ṣe, ó sì rí Crowther. Ọgbọ̀n ọdún ni àwọn méjèèjì fi kọ ìwé sí ara wọn. Gbogbo ọmọ tí Crowther bá rí pé ó mú, Venn ni ó ń dárúkọ rẹ̀ fún; Venn a sì bá onílé iṣẹ́, dókítà tàbí olówó kan sọ̀rọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Báyìí ni ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún àwọn mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ díẹ̀ nínú wọn. Ní Manchester ọkùnrin oníṣòwò òwú kan wà tí ń jẹ́ Thomas Clegg. Venn bá a sọ ọ́ kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ adúláwọ̀ ní bí a ti ń ya òwú kúrò lára kóró rẹ̀ àti bí a ti ń dì í. Henry Robbin, ọmọ Sàró, kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, ó sì padà sí Abẹ́òkúta. Ọmọ Crowther, Samuel kékeré, tí ó ti kọ́ nípa ìṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù, bá a ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí C.M.S. dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní àwọn ọdún 1850. Robbin di oníṣòwò òwú pàtàkì. Ẹni kejì ni Thomas Babington Macaulay, tí òun náà kàwé ní Fourah Bay àti ní Islington. Crowther fi ọmọ rẹ̀ Abigail fún un ní 1854. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1859 Macaulay ṣí ilé ẹ̀kọ́ gíga C.M.S. Grammar School ní Èkó pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà. Àádọ́ta pọ́n-ùn tí J. P. L. Davies, ọ̀gá ọkọ̀ àti oníṣòwò tí òun náà jẹ́ ọmọ Sàró, fi tọrẹ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Macaulay àti Abigail ni Herbert Macaulay tí a bí ní 1864, ẹni tí ó dá wàhálà ńlá sílẹ̀ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó títí di ìgbà tí ó kú ní 1946. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ahunṣọ Òṣoògùn, ẹ wo ibi tí okùn náà dé.

Mo ti sáré kọjá Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1845 ni Crowther àti Townsend àti Gollmer dé Àgbádárìgì, ogun sì dá wọn dúró níbẹ̀ ju ọdún kan lọ kí Crowther tó wọ Abẹ́òkúta ní 1846. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ ọdún náà ni ó bá ìyá rẹ̀ pàdé lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọn kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń wo ara wọn. Ní 1848 ìyá náà ṣe ìrìbọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Hannah.

Ní ti èdè wa, kò dá iṣẹ́ náà ṣe, èyí sì bọ́ sí ọ̀rọ̀ tí a ń sọ. Ìwé Róòmù tí ó túmọ̀ jáde ní 1850. Ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1852. Thomas King, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó ti Sàró bọ̀, bá a túmọ̀ púpọ̀ nínú Májẹ̀mú Tuntun. Ó máa ń fetí sí àwọn àgbà tí wọn kò mọ ìwé, ó sì ń kọ òwe àti ọ̀rọ̀ jíjinlẹ̀ wọn sílẹ̀. Ní 1875, nígbà tí ọ̀rọ̀ ìkọsílẹ̀ èdè Yorùbá ń fa àríyànjiyàn, wọ́n pe ìpàdé ní Èkó, òun ni ó sì ṣe alága. Àmì ìsàlẹ̀ tí à ń fi sí abẹ́ ẹ àti ọ àti ṣ, tí àwọn kan nínú wa ṣì ń kùn pé ó ń dá wọn lágara lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ara ọ̀rọ̀ tí wọ́n jókòó sọ nìyẹn. Odindi Bíbélì parí ní 1884.

Odò Ọya ni a ó padà sí. Ní 1854 Crowther bá dókítà Baikie gòkè odò nínú ọkọ̀ Pleiad. Wọ́n ń lo kuníìnì lójoojúmọ́, òyìnbó kankan kò sì kú. Ní 1857 wọ́n tún lọ nínú ọkọ̀ Dayspring tí Macgregor Laird pèsè. Ní ìrìn àjò yìí ni Crowther fi ohun tí ó ti ń gbèrò láti ọjọ́ pípẹ́ hàn. Kò mú òyìnbó àlùfáà kankan dání. John Christopher Taylor, ọmọ tí àwọn òbí Ìbò bí sí Sàró, ni ó fi sí Oníṣà, Simon Jonas sì wà pẹ̀lú wọn. Ní Gbẹ̀bẹ̀, níbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, ó fi àwọn olùkọ́ tí wọ́n gbọ́ èdè agbègbè náà sí i. James Thomas, ọmọ Yàgbà tí a ti kó lẹ́rú rí, wá di ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Ìwé kíkà èdè Ìbò tí Crowther ṣe jáde ní ọdún yẹn kan náà. Ọkọ̀ Dayspring fọ́ mọ́ àpáta lẹ́bàá Jẹ́bà, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tí ó gbìn sí etí odò kò fọ́.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1864 ni wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Yunifásítì Oxford fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé. Òun fúnra rẹ̀ kò kọ́kọ́ fẹ́ gbà; Venn ni ó rọ̀ ọ́. Àwọn òyìnbó tí wọ́n wà ní ilẹ̀ Yorùbá kò fẹ́ wà lábẹ́ adúláwọ̀. Townsend, tí wọ́n jọ dé Àgbádárìgì, ti kọ ìwé lòdì sí i láti 1851. Nítorí náà, wọ́n yọ Abẹ́òkúta àti Èkó kúrò nínú agbègbè rẹ̀. Ẹ kíyè sí èyí: bíṣọ́ọ̀bù tí ó jẹ́ Yorùbá, tí ó sọ èdè Yorùbá di kíkọ, kò ní àṣẹ lórí ilẹ̀ Yorùbá. Odò Ọya ni wọ́n fún un.

Níbẹ̀ sì ni ó ti ní láti wá ènìyàn lójú méjèèjì. Báwo ni ó ti ń ṣe é? Ó ń kọ̀wé sí Freetown, sí àwọn pásítọ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, kí wọ́n bá òun wo ẹni tí ó lè wá. Ó ń lọ fúnra rẹ̀. Ó ń wo àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó dá sílẹ̀ ní etí odò, kí àwọn tí wọ́n bá yè kooro lè di olùkọ́. Ìbẹ̀wẹ̀ àwọn ọba pàápàá ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. William Pepple, ọba Bonny, ti kọ̀wé sí bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù pé òun ń fẹ́ olùkọ́, wọ́n sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí Crowther. Báyìí ni iṣẹ́ Bonny bẹ̀rẹ̀, Brass sì tẹ̀ lé e ní 1868. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ bí kátíkísì lè di àlùfáà lábẹ́ rẹ̀. Ó gbé méjì ga sí ipò àṣídíákónì: Henry Johnson fún apá òkè odò, àti Dandeson Coates Crowther fún apá ìsàlẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ni Dandeson. Èyí ni ibi tí àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ mìíràn, Josiah, wà nínú iṣẹ́ òwò lórí odò náà. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ni Macaulay. Ṣé ojúsàájú kọ́ nìyẹn? Ní tèmi, mo rò pé ó yẹ kí a wo bí nǹkan ti rí. Ẹni tí ó ń wá alágbára, olóòótọ́ àti ọ̀mọ̀wé láàárín àwọn tí a gbà lóko ẹrú kò ní pápá gbígbòòrò tí yóò ti ṣà wọ́n. Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Dandeson kì í ṣe ọ̀lẹ: ìjọ tí ó wà ní Bonny àti Brass ni ó gbilẹ̀ jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ Odò Ọya. Síbẹ̀, kò bójú mu tó lójú ẹni tí ó bá ń wá ẹ̀sùn.

Ẹ̀sùn náà kò sì ṣòro wá. Owó iṣẹ́ tí C.M.S. ń san kéré. Àwọn tí wọ́n mọ̀wé jù ní Freetown fẹ́ràn iṣẹ́ ìjọba tàbí òwò. Ta ni yóò fi Freetown sílẹ̀ lọ jókòó sí Gbẹ̀bẹ̀? Nítorí náà, Crowther gba àwọn tí ó rí. Àwọn mìíràn nínú wọn dára púpọ̀. Àwọn mìíràn ń ṣòwò ju bí wọ́n ti ń kọ́ni lọ. A tilẹ̀ rí ẹni tí ó ṣe ìkà tí ó burú jáì, tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi. Bíṣọ́ọ̀bù kò sì lè máa ṣọ́ wọn. Ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ni ó ń wọ̀. Ìgbà tí odò bá kún ni ọkọ̀ lè gòkè. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ó lè dé ọ̀pọ̀ ibùdó náà. Ọkàn rẹ̀ sì rọ̀ jù. Ó máa ń fún ẹni tí ó ṣẹ̀ ní àyè kejì. Àṣìṣe rẹ̀ tòótọ́ nìyẹn lójú tèmi: ó mọ bí a ti ń rí ènìyàn, ó mọ bí a ti ń gbé e ga, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún un láti rán an padà sílé.

Àléébù mìíràn wà tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Gbogbo ọ̀nà tí ó ní sí Lọ́ńdọ̀nù, ọwọ́ Venn ni ó gbà kọjá. Venn kú ní 1873. Àwọn tí wọ́n jókòó sí àga rẹ̀ kò mọ Crowther bí òun ti mọ̀ ọ́n, wọn kò sì gba ohun tí Venn gbà gbọ́. Ní 1878 wọ́n fi ọkọ̀ eléèéfín kan ránṣẹ́, wọ́n sì pè é ní Henry Venn, bí ẹni pé orúkọ òkú lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1879 wọ́n rán òyìnbó kan tí kì í ṣe àlùfáà wá láti máa bójú tó ọkọ̀ àti owó, kò sì pẹ́ tí ẹni náà fi ń pàṣẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Ayé pẹ̀lú ti yí padà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba ilẹ̀ Áfíríkà, kuníìnì kò jẹ́ kí ibà lè lé àwọn òyìnbó sẹ́yìn mọ́, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jáde láti yunifásítì Cambridge sì ń wá iṣẹ́ ní ilẹ̀ wa. Àyè tí àwọn ọmọ Sàró wà ti di àyè tí ẹlòmíràn ń fẹ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890 ni ìpàdé ìgbìmọ̀ ìnáwó wáyé ní Oníṣà. J. A. Robinson wà níbẹ̀. Ẹni tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ ni Graham Wilmot Brooke, ọmọ ọdún 25. Crowther ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Àwọn ọ̀dọ́ yìí ka orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń sọ ẹni tí ó gbọ́dọ̀ lọ. Wọ́n yọ Dandeson lẹ́nu iṣẹ́ lójú baba rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù bi wọ́n léèrè bí ó bá jẹ́ pé akọ̀wé nìkan ni ó ní àṣẹ láti yọ àlùfáà, kò sì rí ìdáhùn tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí ti kọ ìtàn yìí dáadáa nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1965 lórí àwọn ìjọ míṣọ̀n ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ju báyìí lọ, kí ó wá a ní ilé ìkàwé.

Bí a bá wò ó dáadáa, kì í ṣe gbogbo ohun tí Robinson àti Brooke sọ ni irọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹ̀ṣẹ̀ àwọn díẹ̀ ti gbogbo wọn síta, wọ́n sì fi ti gbogbo wọn dá adúláwọ̀ lẹ́jọ́ pé kò lè ṣe àkóso. Ará Èkó bínú. Àwọn ìwé ìròyìn pariwo, àlùfáà James Johnson sì wà lára àwọn tí wọ́n gbèjà bíṣọ́ọ̀bù. Robinson kú ní Lọ́kọ́ja ní 1891. Brooke kú níbẹ̀ ní 1892. Àrùn ilẹ̀ náà kò tí ì gbàgbé òyìnbó tó bẹ́ẹ̀.

Crowther kú ní Èkó ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kejìlá ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní 1893 wọ́n fi Isaac Olúwọlé àti Charles Phillips jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ fún bíṣọ́ọ̀bù òyìnbó ni wọ́n pè wọ́n.

Ní apá òkè odò, púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ túká, àwọn kan padà sí Freetown, àwọn mìíràn wọ iṣẹ́ òwò. Ní ìsàlẹ̀ odò, nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìjọ Bonny àti Brass ní owó tiwọn, wọ́n sì ní ẹni tí wọ́n mọ̀. Ní 1892 wọ́n kéde pé àwọn ti kúrò lábẹ́ àkóso C.M.S., wọ́n sì dá ìjọ Niger Delta Pastorate sílẹ̀ kí wọ́n lè máa bọ́ ara wọn. Dandeson tí wọ́n yọ ní Oníṣà ni wọ́n fi ṣe olórí. Ọdún 1938 ni ó tó kú.